Ọmọ Kúrò Lọ́wọ́ Olùkọ́ Kan, Ó Bọ́ Sọ́wọ́ Olùkọ́ Mẹ́wàá

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn òbí ní ìlú Lọ́kọ́jà

Lọ́kọ́jà ni a wà, ìlú abẹ́ òkè Patti, ìlú tí odò Ọya ti pàdé Bẹ́núè tí àwọn méjèèjì sì di ọ̀kan lọ sí òkun, níbi tí ọmọ Ìgalà, ọmọ Ẹ̀bìrà, ọmọ Nupé àti ọmọ Hausa ti ń ná ọjà kan náà pẹ̀lú ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀, ọmọ Yàgbà, ọmọ Ìjùmú, ọmọ Bùnú àti ọmọ Owé. Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo lọ́kàn mi, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi dúró níwájú àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé girama, mo sì rí i pé ohun tí ó ń ba nǹkan jẹ́ fún wọn kì í sábà jẹ́ àìgbọ́n ọmọ, kì í sì í sábà jẹ́ àìlówó baba. Ohun náà ni pé ọmọ kúrò lọ́wọ́ olùkọ́ kan tí ó mọ̀ ọ́n tinú-tẹ̀yìn, ó bọ́ sọ́wọ́ olùkọ́ mẹ́wàá tí kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tí ó tíì mọ̀ ọ́n, ọdún yẹn gan-an ni àwa òbí sì máa ń mí kanlẹ̀ pé iṣẹ́ wa ti parí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí èrò yìí ti wá, nítorí kì í ṣe èrò òmùgọ̀, ó ní ìdí. Nígbà tí Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ṣí ilé ìwé girama ti ìjọ CMS ní Èkó ní ọdún 1859, tí í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí, ọmọkùnrin mẹ́fà péré ni ó fi bẹ̀rẹ̀, inú ilé ìwé náà ni wọ́n sì ń gbé. Ọmọ mẹ́fà! Ẹni tí ó ń tọ́jú ọmọ mẹ́fà yóò mọ èyí tí kò jẹun tán, yóò sì mọ èyí tí ó sunkún lóru. Ní ilẹ̀ Ọ̀kun, ilẹ̀ ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Owé lọ́hùn-ún, ọdún 1951 ni àwọn míṣọ́nnárì SIM tó dá Titcombe College sílẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́, ọmọ tí ó bá sì rí àyè wọ irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀, gbogbo abúlé ni yóò sìn ín jáde. Nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1955, èdè kan náà ni àwa àti àwọn tí ó jẹ àǹfààní rẹ̀ ń sọ, ṣùgbọ́n ẹkùn Kàbà wà lábẹ́ ìjọba Àríwá, ààlà sì dá àwọn ọmọ wa dúró. Nítorí náà, baba tí ọmọ rẹ̀ wọ girama láyé ìgbà náà ti ja ogun, ó ti ṣẹ́gun: ó ti ta iṣu, ó ti yá owó, ó ti bẹ mọ̀lẹ́bí, ọmọ sì ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀gá tí ń bá a gbé tọ̀sán-tòru. Ó tọ́ kí irú baba bẹ́ẹ̀ lọ sinmi.

Ayé yẹn ti lọ. Láti ọdún 1976 tí ìjọba àpapọ̀ ti ní kí gbogbo ọmọ máa wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, dé ọdún 1982 tí a bẹ̀rẹ̀ ètò JSS àti SSS, girama kékeré àti girama àgbà, dé ọdún 2004 tí òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, UBE, sọ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ní ilé ìwé di ọ̀ranyàn fún gbogbo ọmọ, ọ̀nà girama ti di ọ̀nà gbogboògbò. Ohun rere ni, n kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni sọ lójú mi pé kí a padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kíláàsì tí ó ní ọgọ́ta ọmọ kì í ṣe ilé ọmọ mẹ́fà. Àwọn àgbà wí pé ojú mẹ́rin ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Nínú ilé ìwé girama òde òní, igba ojú náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ló rò pé ẹnì kejì òun ni ó ń wò ó.

Mo kọ́ ọmọkùnrin kan rí tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rere ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ó wá dé JSS1 tí ó di ẹni ìkẹyìn. Ó ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí náà a ní kí ó lọ jókòó lẹ́yìn, kí ó má baà dí àwọn kúkúrú lójú. Bàbá rẹ̀ rí èsì ìdánwò sáà kìn-ín-ní, ó nà án. Ó rí ti sáà kejì, ó tún nà án. Ìyá rẹ̀ ní ọmọ òun ti kó ẹgbẹ́ búburú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí agogo ìparí ti lù tí àwọn ọmọ ti tú jáde, olùkọ́ tí ó ni kíláàsì náà padà wá mú agboòrùn tí ó gbàgbé, ó sì bá ọmọ yìí níwájú pátákó, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ṣọ́ọ̀kì, ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ òsì, tí ó ń sáré da iṣẹ́ ọjọ́ náà kọ kí àwọn tí ó kàn láti nu pátákó tó dé. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà. Láti kékeré ni kò ti ríran jìnnà, ṣùgbọ́n olùkọ́ rẹ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti fi í sí ìjókòó iwájú lọ́dọọdún, láìsọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, bóyá láìbi ara rẹ̀ pàápàá. Nígbà tí ọmọ jáde níbẹ̀, ìmọ̀ náà kù sọ́wọ́ olùkọ́ àtijọ́, kò sì sí ẹni tí ó gbé e tẹ̀ lé ọmọ lọ. A mú un lọ sí ilé ìwòsàn, a ra awò fún un, ọ̀rọ̀ sì yanjú kí ọdún kejì tó yí po.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín lé lórí nìyẹn. Kí ọmọ tó fi ìwé kẹfà sílẹ̀, ẹ tọ olùkọ́ rẹ̀ lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kì í ṣe láti fún un lẹ́bùn nìkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀bùn dára, ṣùgbọ́n láti bi í pé: kí ni ẹ mọ̀ nípa ọmọ yìí tí àwa kò mọ̀? Ta ni kì í fẹ́ jókòó tì? Ẹ̀kọ́ wo ni ó máa ń dákẹ́ sí? Bí a bá bá a wí gbangba, ṣé ó máa ń gbọ́n sí i ni, àbí ṣe ni ó máa ń kú sínú? Ẹ gba gbogbo rẹ̀ sọ́kàn, nítorí ẹ̀yin nìkan ni afárá láàárín ilé ìwé méjèèjì. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fún ọmọ kò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ìwé gan-an tún yí padà, ọ̀pọ̀ òbí ni kò sì fura. Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ a kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó, ọmọ a dà á kọ. Bí ọmọ bá lọ́ra, olùkọ́ a dúró dè é, nítorí pé òun náà ni yóò ṣì wà níbẹ̀ títí ilé ìwé yóò fi parí. Ní girama, bí ogójì ìṣẹ́jú bá ti pé, agogo a lù, olùkọ́ ìṣirò a jáde, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì a wọlé, ti èdè Gẹ̀ẹ́sì a tẹ̀ lé e, ti Business Studies a sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Púpọ̀ nínú wọn ni kò ní kọ ju àkọlé lọ sójú pátákó, àpèkọ ni wọ́n ń pe nóòtù, kí ọmọ máa kọ bí ó ti ń gbọ́. Ọmọ tí kò ṣe irú rẹ̀ rí yóò kọ gbólóhùn kan, yóò pàdánù méjì, ojú yóò sì tì í láti sọ pé kí olùkọ́ tún un pè.

Nítorí náà, ẹ má kàn máa bi ọmọ pé báwo ni ilé ìwé, nítorí ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó ní sí i: “Ó dára, mà.” Ẹ ní kí ó mú nóòtù rẹ̀ wá. Ẹni tí ó mọ̀wé, kí ó wá ibi tí gbólóhùn ti dáwọ́ dúró láìparí: ibẹ̀ ni ọwọ́ ọmọ ti rẹ̀yìn sí ohùn olùkọ́. Bí irú ibẹ̀ bá pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ kan ju nínú àwọn yòókù lọ, ẹ ti rí ẹ̀kọ́ tí yóò dá a dúró, ẹ sì rí i kí ìdánwò tó fi hàn yín. Ẹni tí kò mọ̀wé náà lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún òun pé kò kan òun: yóò rí ojú ewé tí a kọ dé ìdajì tí a ṣí kọjá, yóò rí nóòtù tí bírò pupa olùkọ́ kò tíì kàn láti ìgbà tí ilé ìwé ti wọlé, yóò sì rí ìwé kan tí ó mọ́ tónítóní bí ẹni pé a kò rà á fún nǹkan kan. Nílé, ní alẹ́, kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá ka ọ̀rọ̀ díẹ̀ jáde láti inú ìwé ìròyìn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ọmọ máa kọ ọ́ bí ó ti ń gbọ́. Bí wọ́n bá ń ṣe èyí ní gbogbo ìsinmi ńlá kí ó tó wọ JSS1, yóò jàǹfààní rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ lẹ́sìnnì tí a ń sanwó fún lọ.

Ọ̀rọ̀ ipò ni mo fẹ́ fi tẹ̀ lé e. Ọmọ tí ó ń ṣe ipò kìn-ín-ní nínú ilé ìwé kékeré kan ní Fẹ̀lẹ̀lẹ̀ tàbí ní Kabawa, bí ó bá dé girama, yóò bá àwọn ọmọ kìn-ín-ní láti ogún ilé ìwé pàdé nínú kíláàsì kan. Ẹnìkan ṣoṣo nínú wọn ni ó lè ṣe kìn-ín-ní. Bí tirẹ̀ bá wá di ìkẹtàlélógún ní sáà àkọ́kọ́, kò túmọ̀ sí pé ọpọlọ rẹ̀ ti dín kù. Ẹ wo máàkì rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sáà kejì wé sáà kìn-ín-ní, ẹ má fi ọmọ wé ọmọ aládùúgbò. Ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ mú ní pàtàkì, nítorí bí ó bá di pé a ń yan ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ọnà tàbí ìṣòwò lẹ́yìn JSS3, ohun tí ó ti sọnù ní JSS1 ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ lè yan èyí tí ọkàn wọn fẹ́.

Kókó kan wà tí ó ń dùn mí, n kò sì ní fi bò. Àwọn òbí wà láàárín wa tí wọ́n ń yọ ọmọ kúrò ní ìwé karùn-ún, tí wọ́n ń fi í sí ìdánwò àṣewọlé, tí wọ́n sì ń fi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ṣe ọmọ JSS1, kí wọ́n baà lè sọ ní ìpàdé ẹbí pé ọmọ àwọn yára. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ọmọ náà lè yege nínú ìdánwò, orí rẹ̀ lè pé. Ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò ká garawa omi, ẹnu rẹ̀ kò ká ti àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n sì ń sọ ní ìrọ̀lẹ́, kò yẹ kí ó tíì gbọ́ wọn. Ọdún kan tí a fi sílẹ̀ fún un kí ó gbó kì í ṣe ọdún tí ó ṣòfò.

Mo dé orí ọ̀rọ̀ bọ́díǹ. Láti Lọ́kọ́jà yìí, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó bá yege nínú Common Entrance ni à ń rán lọ sí ilé ìwé ìjọba àpapọ̀ ní Ugwolawo, àwọn ọmọbìnrin sí ti Kàbà. Àwọn mìíràn ń lọ sí ti àwọn ìjọ. Ìgbà tí a bá ń di ẹrù ọmọ, tí a ń ka bẹ́ẹ̀dì, garawa, mílíìkì àti gàárì, ni a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá pé ìyà ní ń sọ ọmọ di ènìyàn, àti pé Àjàyí Crowther pàápàá, ẹrú ni, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù. Ní Lọ́kọ́jà tí ọkùnrin náà ti tẹ̀dó míṣọ́ọ̀nù rẹ̀, tí a ti ń ka ilé ìwé Holy Trinity sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó yẹ kí a mọ ìtàn rẹ̀ ju báyìí lọ. Ọmọ nǹkan bí ọdún méjìlá ni nígbà tí ogun kó o ní Òṣógùn ní ọdún 1821, bí àwọn ọmọ JSS1 wa gan-an ti rí. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, ó sì kọ ọ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà pé ìbànújẹ́ mú òun dé ibi tí òun ti fẹ́ gba ẹ̀mí ara òun. Ìyà nìyẹn, kò sì sọ ọ́ di nǹkan kan. Ohun tí ó sọ ọ́ di ènìyàn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1822, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ tí ó gúnlẹ̀ sí Sàró, tí ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ó ráyè tirẹ̀, tí wọ́n kọ́ ọ níwé, tí wọ́n sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà ó ti ń ka Májẹ̀mú Titun. Ọdún 1846 ni ó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ fi Crowther ṣe àpẹẹrẹ mú Sàró, kí ó má mú ọ̀nà oko ẹrú.

Nítorí pé ìyà wà ní bọ́díǹ, ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. Àwọn ọmọ àgbà kan ń jí ọmọ kékeré ní òru kí ó lọ pọn omi, wọ́n ń gba oúnjẹ rẹ̀, wọ́n ń fi í ṣe ẹni tí ń fọ aṣọ wọn. Ọmọ kì í sábà sọ ọ́, nítorí wọ́n ti kìlọ̀ fún un, àti nítorí pé ó mọ̀ pé bàbá òun yóò ní kí òun ṣe ọkùnrin. Ẹ sọ fún un kí ó tó kúrò nílé pé, bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án lọ́nà àìtọ́, ì báà ṣe ọmọ, ì báà ṣe àgbà, ẹ̀yin kì yóò bínú sí i bí ó bá sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún un sọ. Nígbà tí ẹ bá lọ kí i, bí gbogbo ohun jíjẹ oṣù kan bá ti tán lọ́sẹ̀ kìíní, bí ó bá ń wo ẹ̀yìn kí ó tó dáhùn, ẹ má pariwo níbẹ̀. Ẹ mú un rìn díẹ̀ lábẹ́ igi, ẹ jẹ́ kí ó jẹun tán, ẹ dákẹ́ kí ó lè sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá tọ ẹni tí ó ni ilé ibùsùn náà lọ, kí ẹ sì padà lọ́sẹ̀ kejì láti mọ ohun tí ó ṣe sí i.

Bí ọmọ bá ní ikọ́ fée, tàbí tí ó bá jẹ́ àrùn fòníkú-fọ̀làdìde ni ó ń bá a jà, mátírọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí oògùn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtìjú kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ sọ fún ọmọbìnrin yín nípa nǹkan oṣù kí ó tó dé bá a nínú kíláàsì láàárín àwọn ọmọkùnrin. Ẹ fi bí a ti ń tọ́jú ara hàn án, ẹ di ohun tí yóò lò sínú ẹrù rẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, ọmọkùnrin náà ní ara tí ń yí padà, ohùn rẹ̀ yóò kẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún un ṣáájú yín.

Àwọn ọmọ tí ń ti ilé lọ ní ìṣòro tiwọn, Lọ́kọ́jà sì ní èyí tí ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn kò ní. Oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ sí Ọ̀wàrà ni ọmọ tuntun máa ń wọ JSS1, ìgbà yẹn náà sì ni odò Ọya àti Bẹ́núè máa ń kún. Gbogbo wa ni a rí ti ọdún 2012, gbogbo wa ni a tún rí ti 2022, tí omi gba ojú ọ̀nà Gánajà, tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé ènìyàn kọjá níbi tí kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà ti ń sáré, tí àwọn tí omi lé nílé sì lọ ń sùn nínú kíláàsì. Ọmọ tí ó ti wà ní SSS2 lè pàdánù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó sì lé e bá, nítorí ó ní ọ̀rẹ́ tí yóò yá a ní nóòtù. Ọmọ JSS1 tí ó pàdánù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò tíì mọ orúkọ ẹni tí ó jókòó tì í. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Gánajà àti etídò, bí ilé ìwé ọmọ yín bá wà ní òdìkejì ìlú, ẹ ti bá ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ kan ní apá ibẹ̀ tí omi kì í dé sọ ọ́ láti ìsinsìnyí pé, bí omi bá dé, ọmọ yóò wá sùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ọmọ náà lọ sùn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì kí òjò tó le, kí ó mọ ẹni tí ń gbé ibẹ̀, kí ẹ̀yin náà sì mọ̀ wọ́n.

Ó ku ọ̀rọ̀ olùkọ́. Olùkọ́ mẹ́wàá ni wọn, ẹ kò lè bá gbogbo wọn ṣọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ẹnìkan wà nínú wọn tí a fi kíláàsì náà lé lọ́wọ́, tí ń sàmì sí orúkọ wọn láàárọ̀. Òun ni kí ẹ wá, kí ẹ má tọ pírínsípà lọ ná. Ẹ lọ bá a ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí ó tó di pé ẹjọ́ kan ni yóò mú yín pàdé. Ẹ sọ ohun tí olùkọ́ ìwé kẹfà sọ fún yín. Ẹ sọ orúkọ tí ẹ ń pè é nílé, ẹ sọ oríkì rẹ̀ fún un bí olùkọ́ náà bá gbọ́ èdè wa, nítorí mo ti rí ọmọ tí ó ti fẹ́ máa sá fún ilé ìwé, tí olùkọ́ kan pè é ní Àkànní lọ́jọ́ kan, tí ojú rẹ̀ sì là. Bí ó bá jẹ́ ìyá tí ń ta ẹja ní etídò ni, tí ọjà kò sì jẹ́ kí ó lè wá ní ọjọ́ ìpàdé òbí, kí ó wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ mìíràn kí agogo àkọ́kọ́ tó lù, pẹ̀lú aṣọ ọjà lọ́rùn rẹ̀ bí ó bá di dandan. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, n kò rí olùkọ́ tí ó lé ìyá tí ó wá béèrè ọmọ rẹ̀ padà.